Funfun Tó Fara Pamọ́ Sínú Dúdú

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan ṣíwájú kí ńlá tó dé. Ó wọ ẹ̀wù dúdú, ó fi funfun pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun ní funfun. Kí ni o?

"Àgbọn ni!"

Àgbọn mọ̀ pé òun ní funfun nínú, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi le. Ẹ tún un wò.

"Ìkòkò ẹ̀kọ ni!"

Ebi ló ń pa ìwọ. Ohun tí mò ń wí a máa jẹ ọkà, a sì máa fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀.

"Adìyẹ ni!"

Adìyẹ náà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́wọ́, ẹ máa gbọ́. Àlọ́ mi kò sáré, kò sì fò. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ó ré ilé ẹkùn kọjá, ó ré ilé ìgalà kọjá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ayé àtijọ́, adìyẹ kan wà ní ìlú àwọn ẹyẹ, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Dúdú ni Àwẹ̀ró láti orí dé ìrù, ó ń dán bí kóró iṣin. Ọkọ rẹ̀ ni Àjàgbé, àkùkọ funfun kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo ìlú náà. Bí Àjàgbé bá dúró lórí àkìtàn ní òwúrọ̀, ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ yóò rò pé òwú ló là síbẹ̀.

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Dúdú ni gbogbo wọn. Àjàgbé yí wọn po, ó wò wọ́n níwájú, ó wò wọ́n lẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, o ti gbà wọ́n tán lọ́wọ́ mi. Ìyẹ́ kan ṣoṣo kò tilẹ̀ jọ mí."

"Ẹ má bínú, Baba wọn. Àwọn tó ń bọ̀ yóò jẹ́ tiyín."

Eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, lukúlukú wọ ìlú, àìsàn tí í pa adìyẹ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ó mú àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn wọn, ó mú Àjàgbé. Àwẹ̀ró nìkan ló kù, òun àti ẹyin mọ́kànlá tó ti yé sínú ìtẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó kú.

Ó jókòó lé ẹyin náà. Kò jẹun, kò mu omi bí ó ti yẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yìí jáde ní funfun, kí òun lè sọ ọ́ ní Babátúndé, kí ojú òun sì tún rí àwọ̀ tó ti bá ilẹ̀ lọ. Bí ó ti ń sàba, bẹ́ẹ̀ ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àjàgbé, ọkọ mi,
*Kọkọkọ, máa bọ̀.*
Ilé tí o kọ́ kò tíì wó,
*Kọkọkọ, máa bọ̀.*
Bí o kò bá lè wá fúnra rẹ,
*Kọkọkọ, máa bọ̀.*
Fi àwọ̀ rẹ rán ọmọ sí mi,
*Kọkọkọ, máa bọ̀.*

Aládùúgbò rẹ̀ ni Ìyá Àgbà Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ti dàgbà, ó ti rí ọmọ, ó ti rí ọmọ ọmọ, ó sì mọ ilé tí olúkúlùkù ti jáde. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn ló ń sọ̀rọ̀: ó ń fà á. Ó wá kí Àwẹ̀ró, ó gbọ́ orin náà, ó jókòó.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi, má fi ọ̀ràn àwọ̀ dá ara rẹ lóró. Baba a máa fún ọmọ ní ìdajì, ìyá a sì máa fún un ní ìdajì. Bí dúdú tìrẹ bá pàdé funfun ti Àjàgbé nínú ọmọ kan, dúdú ni yóò yọ síta. Funfun á wọ inú lọ, á jókòó jẹ́ẹ́. Kò kú o. Ó ń dúró ni. Ọjọ́ tí funfun mìíràn bá..."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kò lè dúró."

Àwẹ̀ró kọjú sí ògiri. Pẹ́pẹ́yẹ sì dìde lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹ́ kù sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Àwẹ̀ró ti ń sàba, Ìjàpá ń kọjá lọ. Ó ti wá oúnjẹ láti àárọ̀, kò rí ju àgbálùmọ̀ kan lọ, èyí tó rí náà sì ti kan. Ó gbọ́ orin. Ó dúró. Ó na ọrùn wo inú ìtẹ́. Itọ́ rọ́ sí i lẹ́nu.

"Àwẹ̀ró, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Àjàgbé. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ìjàpá náà sunkún. Ojú kan ló fi ń sunkún, ó ń fi èkejì ka ẹyin.

"Mo gbọ́ pé ọmọ funfun lẹ ń wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba Ìjàpá. Ṣùgbọ́n a kì í yan àwọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Pẹ́pẹ́yẹ, àbí? Ẹni tí kò tíì dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú! Ẹ gbé ẹyin kan, ẹ kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Kí lẹ rí láàárín rẹ̀?"

"Mo rí òjìji dúdú kan."

"Ọmọ dúdú nìyẹn. Ẹ gbé òmíràn."

"Èyí náà ní òjìji."

"Dúdú ni. Ẹ gbé ti igun yẹn."

"Èyí kò ní nǹkan kan. Ó mọ́ gaara."

Ìjàpá ṣí fìlà. "Ẹ kú oríire! Funfun rèé! Àjàgbé ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí ti mọ irọ́ tó wà níbẹ̀. Òjìji tó wà nínú ẹyin ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ọmọ fúnra rẹ̀ ni, yálà dúdú tàbí funfun. Èyí tó mọ́ gaara, kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Òbu ni. Ìjàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti jí ẹyin jẹ tó ẹni tó lè mọ èyí tó ti lẹ́ran.

Wọ́n yẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá wò. Mẹ́jọ ní òjìji, mẹ́ta mọ́ gaara.

"Ìṣòro kan ló wà," ni Ìjàpá wí, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Dúdú a máa fi ooru bo funfun mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́? Bí wọ́n ṣe bo Àjàgbé mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa kó àwọn dúdú lọ sílé ní díẹ̀ díẹ̀. Yánníbo yóò bá yín sàba lé wọn. Bí wọ́n bá pa tán, n óò kó wọn wá. Ẹ óò ní dúdú, ẹ óò ní funfun."

"Ṣé Yánníbo mọ bí a ti ń sàba?"

"Ẹ wo ẹ̀yìn wa! Ṣé ẹ kò rí i pé bí igbá ni? Bí a bá dé nǹkan mọ́lẹ̀, ooru kì í jáde."

Àwẹ̀ró kó mẹ́ta fún un. Ní ọjọ́ kejìlá, Ìjàpá padà wá, ó ní ara àwọn mẹ́ta yẹn le, ó tún gba mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún ó gba ọ̀kan. Bí ó bá ti délé, omi ti ń hó lórí ààrò.

"Ọkọ mi, ẹyin ta nìyí?" ni Yánníbo bi í ní ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹni tí kò bá béèrè ni yóò jẹ èyí tó tóbi."

Yánníbo kò béèrè mọ́.

Ní ogúnjọ́, Ìjàpá wá gba ìkẹjọ. Àwẹ̀ró gbé e láti abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Bí ó ti fẹ́ nà án sí i, ẹyin náà mì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn kékeré kan sì ti inú rẹ̀ wá.

"Pìyẹ́."

"Baba Ìjàpá, ó sọ̀rọ̀."

"Ẹ má dá a lóhùn! Dúdú ló ń pè yín, kí ẹ má baà rí funfun. Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ ibi tí àánú yín wà."

"Pìyẹ́."

Àwẹ̀ró wo ẹyin náà. Ó wo àwọn mẹ́ta tó kù nínú ìtẹ́, tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rántí òwú tó là lórí àkìtàn. Ó gbé èyí tó ń ké fún Ìjàpá.

Ohun tó ṣe nìyẹn. Ẹ má tíì bú u. Ẹni tó bá ń wá òkú lójú gbogbo ẹni tó ń bọ̀, kì í rí ẹni tó ń bọ̀.

Ìjàpá kò tíì pẹ́ tó lọ tí Pẹ́pẹ́yẹ fi yọ.

"Mélòó ló kù lábẹ́ rẹ, ọmọ mi?"

"Mẹ́ta, Ìyá. Àwọn funfun. Yánníbo ń bá mi sàba lé àwọn dúdú."

"Gbé ọ̀kan sétí."

Àwẹ̀ró gbé e sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mì í."

Ó mì í. Omi ń mì nínú rẹ̀ gbọ̀lọ̀ gbọ̀lọ̀.

"Èyí tí Ìjàpá gbé lọ lónìí ńkọ́?"

"Ó pè mí, Ìyá. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí i rí kí pẹ́pẹ́yẹ sáré? Ìyá Àgbà sáré ní ọjọ́ náà.

Nílé Ìjàpá, omi ti hó. Yánníbo ti gbé iyọ̀ sílẹ̀. Ìjàpá gbé ẹyin dání, ó ń ronú bóyá kí òun sè é ni tàbí kí òun sun ún, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò rí ibi tó lè jù ú sí. Ó ti ẹyin náà bọ ẹnu, ó fa orí sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

"Baba Ìjàpá, ọmọ mi dà?"

"M̀-ḿ."

"Ẹ má bínú," ni Yánníbo yára wí, "eyín ló ń dùn ún."

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó. "Yánníbo, láti ìgbà wo ni Ìjàpá ti hu eyín?"

"Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ wí."

"Pìyẹ́," ni ọ̀fun Ìjàpá wí.

Gbogbo wọn yíjú sí Ìjàpá.

"Ìjàpá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, "ohùn rẹ tín-ín-rín lónìí o."

Ìjàpá mi orí. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ẹnu igbá náà, ó sì pe ọmọ bí ìyá adìyẹ ti í pe ọmọ: "Kọkọkọ, máa bọ̀. Kọkọkọ."

Ọmọ tó wà nínú ẹyin gbọ́. Ó sọ ẹnu mọ́ èèpo, kó! Ó tún sọ ọ́, kó! Ìkẹta là á já, ó sì wọ Ìjàpá ní àjà ẹnu. Ìjàpá ké "Yéè!", ẹnu rẹ̀ là, ẹyin bọ́ sínú eérú tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó pín sí méjì. Ọmọ kan jáde, tútù, ó ń gbọ̀n, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó ti ń rìn.

Dúdú ni.

Ohun tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ wò nìyẹn, kí n má purọ́ fún yín. Ó kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó rìn wá sábẹ́ àyà ìyá rẹ̀, ó wọlé, ó sùn.

"Àwọn méje yòókù dà?" ni Àwẹ̀ró bi wọ́n.

Yánníbo ló nawọ́ sí igun. Èèpo ẹyin wà níbẹ̀, wọ́n ti gbá wọn jọ.

Àwọn àgbà ẹyẹ pé. Wọ́n kò na Ìjàpá, wọ́n kò sì lé e nílùú. Àparò ló dá ẹjọ́ náà: "Ìjàpá, ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé funfun wà nínú mẹ́ta tó kù. Bọ́ sórí wọn. Sàba. Ọjọ́ tí o bá pa funfun kan ṣoṣo fún Àwẹ̀ró, máa lọ sílé rẹ."

Bí Ìjàpá ṣe di abiyamọ nìyẹn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú oòrùn, ní àárín ìlú. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìsàba o!"

"Ìyá ìkókó, ṣé wọ́n ti ń ta yín nípàá?"

"Ọkọ wọn ńkọ́? Ṣé ó ń fún yín lówó ọbẹ̀?"

Ìjàpá ń yí orí síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ọjọ́ méje kọjá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ń gbóná, òórùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ní ọ̀sán gangan, ọ̀kan bẹ́: gbò! Èkejì dáhùn: gbò! Ẹ̀kẹta kò dúró: gbò! Omi òbu fọ́n bo Ìjàpá láti àyà dé ojú. Gbogbo ìlú di imú. Ìjàpá sáré dé ilé, Yánníbo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sáré dé odò, ẹja inú odò dà lọ sí òdìkejì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè jókòó ti ẹnìkan.

A rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pa ẹyin.

Ó sọ ọmọ kan ṣoṣo náà ní Kúforíjì, nítorí ikú ti mú un tán kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kúforíjì dàgbà, ó di àkùkọ dúdú. Nígbà tó tó aya fẹ́, ó lọ fẹ́ ọmọge kan ní ìlú kejì. Dúdú ni ọmọge náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá tó bí i funfun. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí, àfi Pẹ́pẹ́yẹ. Ó gbọ́ ọ, kò sì wí nǹkan kan.

Ìyàwó yé ẹyin mẹ́jọ, ó sàba, ó pa wọ́n. Òwúrọ̀ ni. Ariwo sọ nínú ìlú. "Àwẹ̀ró! Ẹ wá wo nǹkan! Ẹ wá wo Babátúndé!"

Àwẹ̀ró wá. Mẹ́fà dúdú. Méjì funfun, funfun báláú, bí òwú tó là. Baba wọn dúdú, ìyá wọn dúdú. Àwọn kan ń jó. Ìjàpá náà ń wò láti ìdí igi kan lókèèrè, kò gbójú sún mọ́ wọn.

Àwẹ̀ró kò jó. Ó dúró, ó ń wò.

"Ìyá," ni ó wí fún Pẹ́pẹ́yẹ, "láti ibo ni wọ́n ti wá?"

"Inú Kúforíjì ni ọ̀kan wà, inú ìyàwó rẹ̀ ni èkejì wà. Ohun tí mò ń sọ fún ọ nígbà yẹn nìyẹn. Bí funfun bá jókòó nínú dúdú, ó ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀ ni. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé nínú ọmọ kan, á yọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni."

"Inú Kúforíjì," ni Àwẹ̀ró tún wí. "Inú èyí tí mo gbé fún Ìjàpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Gbogbo àwọn tó ń jó ti ń tú ká kí ó tó béèrè èyí tó kù.

"Àwọn méje yẹn ńkọ́, Ìyá? Ṣé ó wà nínú àwọn náà?"

Pẹ́pẹ́yẹ lè purọ́ fún un. Àgbà a máa purọ́ nítorí àánú. Ṣùgbọ́n ó ti fà á jù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣẹ́ kù sílẹ̀, ẹyin méje ló bá a lọ.

"Gbogbo wọn ló ní in, ọmọ mi. Kò sí ọmọ Àjàgbé tí kò ní in."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó, ó ti rẹ̀ ọ́. Dìde, lọ jẹun, lọ mumi." Ìyàwó dìde. Àwẹ̀ró wọ inú ìtẹ́, ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó sì rọra bo àwọn mẹ́jọ̀ọ̀jọ mọ́lẹ̀. Kò wo èyí tó bọ́ sí apá ọ̀tún, kò wo èyí tó bọ́ sí apá òsì.

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ kì í ti í yẹ ẹyin wò mọ́ kí ó tó sàba. Ẹ gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sí abẹ́ rẹ̀, yóò sàba. Ẹ gbé ẹyin awó sí i, yóò sàba. Ohun tó bá jáde, àwọ̀ yòówù kó ní, ọmọ ni yóò pè é. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀ kí ẹ mú ọ̀kan, ẹ ó rí bí yóò ti wú, tí yóò sì fi ẹnu ṣá yín. Kì í ṣe ìbínú. Ó ń rántí ni.

Láti ọjọ́ náà sì ni ìran Ìjàpá kì í ti í sàba. Wọn kò fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Yánníbo á gbẹ́ ilẹ̀, á yé ẹyin sí i, á fi erùpẹ̀ bò ó, á bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn ni yóò bá a pa wọ́n. Bí ọmọ ìjàpá bá sì jáde láti inú ilẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Kò sí ẹni tí yóò pè é, òun náà kò sì mọ ẹni tí ìbá pè.

Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí àkùkọ má kọ lẹ́yìnkùlé mi lọ́la. Bí n kò bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo wa sì jí.